Ẹjọ́ Tí Kò Bàjẹ́ Lọ́wọ́ Ẹni: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Akẹ́kọ̀ọ́ Òfin Kan Lórí Ìdarí, Iṣẹ́ Ìlú àti Iṣẹ́ Tó Pọ̀ Lọ́rùn

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin agbẹjọ́rò tó ti ń rojọ́ kí wọ́n tó bí àwa, ìbà yín o. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìwé, ẹ kú àìsùn. Mo rí àwọn tó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà yé yín.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí: ìdarí, iṣẹ́ ìlú, àti iṣẹ́ tó ń pọ̀ lọ́rùn ẹni. Mo wá bi ara mi pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Èmi tí adájọ́ kankan ò tíì pe orúkọ mi rí, tí mo ṣì ń fi bírò aláwọ̀ yẹ́lò sàmì sí ìwé títí gbogbo ojú ewé á fi di yẹ́lò? Ṣùgbọ́n ẹ̀yin àgbà náà lẹ sọ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Orí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo dúró lé tí mo fi gbà láti wá. Ibi tí mo bá ti ṣì í sọ, ẹ fà mí létí níbi ìbéèrè.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ya nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí sọ́tọ̀. Wọ́n á ní ẹni tó fẹ́ràn òṣèlú ló ni ìdarí, ẹni tó lójú àánú ló ni iṣẹ́ ìlú, iṣẹ́ púpọ̀ sì jẹ́ ti gbogbo wa, ká sáà máa fara dà á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá: nínú iṣẹ́ òfin, olórí ni ẹni tí ẹjọ́ ẹlòmíràn kì í bàjẹ́ sí lọ́wọ́. Tí ẹ bá bá mi gba ìyẹn, a jẹ́ pé iye iṣẹ́ tí èèyàn gbà, àti èyí tó kọ̀, wà nínú ìdarí fúnra rẹ̀.

Apá kìíní: Ta là ń pè lólórí?

Tí a bá dárúkọ olórí láàárín akẹ́kọ̀ọ́ òfin, ta lojú wa ń wò? Ààrẹ ẹgbẹ́. Akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹni tí fọ́tò rẹ̀ wà lára ògiri nígbà ìdìbò, tó ká apá mọ́ àyà, tó wọ kóòtù dúdú, tó ń wo òkèèrè. Mi ò bú wọn o. Àwọn kan wà nínú wọn tí mo mọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti rí ẹni tó di ipò mẹ́ta mẹ́rin mú lẹ́ẹ̀kan náà, tí gbogbo ipò náà wà nínú ìwé tó fi ń wáṣẹ́, tí kò sì sí èyí tí ẹnikẹ́ni lè tọ́ka sí pé ohun tó ṣe níbẹ̀ rèé. Ṣé olórí nìyẹn? Àbí olóyè?

Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ sí Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, ní ọdún 1894. Ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò kan wà níbẹ̀, Mohandas Gandhi. Lọ́ńdọ̀nù ló ti kàwé òfin, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti gbà á sẹ́gbẹ́ agbẹjọ́rò ní 1891. Ẹ má rò pé akọni ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹjọ́ àkọ́kọ́ tó gbà ní Bombay nígbà tó padà sílé, ẹjọ́ pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ ni. Ó dìde láti bi ẹlẹ́rìí léèrè ọ̀rọ̀, àyà rẹ̀ já, ìbéèrè tán nínú rẹ̀ pátápátá. Ó jókòó. Ó ní kí wọ́n gba owó wọn padà, kí wọ́n wá agbẹjọ́rò mìíràn. Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní aṣíwájú lónìí nìyẹn o.

Lọ́jọ́ kan ní Durban, ọkùnrin Tamil kan tí wọ́n ń pè ní Balasundaram wọlé tọ̀ ọ́ wá. Lébìrà ni. Ó ti tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tó so ó mọ́ ọ̀gá rẹ̀; bó bá dédé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ọ̀daràn ló dà lójú òfin ibẹ̀. Ọ̀gá yẹn ti lù ú bí ẹní máa kú. Aṣọ rẹ̀ ti fà ya, eyín iwájú rẹ̀ méjì ti kán, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń sunkún. Láwàní rẹ̀ wà lọ́wọ́, kò sí lórí. Wọ́n ti kọ́ irú wọn pé bí wọ́n bá fẹ́ dé iwájú èèyàn ńlá, kí wọ́n ṣí orí sílẹ̀.

Kí ni Gandhi ṣe? Ó ní kó wé láwàní rẹ̀ padà. Ọkùnrin náà lọ́ra díẹ̀, ó wé e, inú rẹ̀ sì dùn tó fi hàn lójú. Mo ti ka ìtàn yìí lákàtúnkà, ibẹ̀ yẹn ló máa ń dá mi dúró. Ọdún tó ṣáájú ni wọ́n ti sọ fún Gandhi fúnra rẹ̀ nínú kóòtù Durban pé kó ṣí láwàní tirẹ̀, tó kọ̀, tó sì jáde. Ó mọ bó ṣe ń dunni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ wá kàn. Ó rán an sí dókítà, ó gba ìwé ẹ̀rí lórí ọgbẹ́ náà. Ó mú un lọ sọ́dọ̀ adájọ́, ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ìbúra. Adájọ́ bínú, ó ránṣẹ́ pe ọ̀gá náà. Èmi ì bá sọ pé ká jù ú sẹ́wọ̀n. Gandhi ò wá ìyẹn. Ohun tó ń wá ni kí Balasundaram kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ń lù ú. Ó wá ọ̀gá mìíràn fún un, wọ́n sì gbé àdéhùn náà kúrò lórúkọ ti àkọ́kọ́. Ó parí síbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Láwàní, dókítà, ìwé ẹ̀rí, ìbúra, ọ̀gá tuntun. Kò sí ọ̀rọ̀ ńlá kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn ẹjọ́ yẹn dé etí àwọn lébìrà yòókù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ẹjọ́ kan tí kò bàjẹ́ ló pe àwọn tó kù. Ta ló dìbò fún un?

Mo tún fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó gbé e dé Gúúsù Áfíríkà gan-an. Oníṣòwò méjì tó jẹ́ ìbátan ni wọ́n ń bára wọn fa owó tó tó 40,000 pọ́n-ùn, ọ̀kan nínú wọn ló gbà á síṣẹ́. Ìwé owó ló kún inú ẹjọ́ náà, Gandhi ò sì mọ nǹkan kan nípa ìwé owó. Ó ra ìwé, ó jókòó, ó kọ́ ọ. Nígbà tó mọ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ ló rí i pé ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló máa jàre, ó sì rí i pé bí ẹjọ́ náà bá ń fà lọ, owó agbẹjọ́rò ló máa jẹ àwọn méjèèjì run. Àwa Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ó bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà kí ẹnì kan là wọ́n níjà. Ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló jàre lóòótọ́, 37,000 pọ́n-ùn pẹ̀lú owó ẹjọ́. Ẹnì kejì ò lè san gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbèsè ì bá sọ ọ́ di ẹni ẹ̀tẹ́. Gandhi tún padà lọ bẹ ẹni tó jàre pé kó jẹ́ kó máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó ní ìyẹn le ju láti mú wọn gba ìlàjà lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tí kò mọ ìwé owó náà dénú, ṣé ó lè là wọ́n? Ó lè sọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti àlàáfíà títí ilẹ̀ á fi ṣú, wọn ò ní dá a lóhùn. Wọ́n gbọ́ tirẹ̀ torí pé ó mọ ẹjọ́ náà ju àwọn tó ni ín lọ.

Apá kejì: Iṣẹ́ ìlú kì í ṣe àánú

Ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí lè bí àwọn kan nínú. Mi ò fẹ́ràn kí wọ́n máa pe iṣẹ́ ìlú ní iṣẹ́ àánú. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣàánú ni àánú wà. Ó lè ṣe é lónìí, ó rẹ̀ ẹ́ lọ́la, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ẹ̀tọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, tó bá ṣe é ní ìdajì, ó ti dá kún ìyà onítọ̀hún ni.

Ẹ ti kọ́ ẹjọ́ Gideon ní kíláàsì, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi. Ní 1961, ní Panama City ní ìpínlẹ̀ Florida, Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ̀sùn kan Clarence Earl Gideon pé ó fọ́ ilé ìtayò kan wọlé. Kò lówó. Ó dé iwájú adájọ́, ó ní kí wọ́n bá òun wá agbẹjọ́rò. Adájọ́ ní òfin ìpínlẹ̀ náà ò fàyè gbà á, àyàfi tí ẹ̀sùn bá jẹ́ èyí tí wọ́n lè torí rẹ̀ pa èèyàn. Ọkùnrin náà dá ara rẹ̀ rojọ́. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún. Ó jókòó sẹ́wọ̀n, ó fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 1963, àwọn adájọ́ ibẹ̀ panu pọ̀, láìku ẹnì kan, pé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ wá agbẹjọ́rò fún ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ńlá kàn tí kò lówó tó máa fi gbà á.

Ibẹ̀ ni ìwé wa máa ń parí ìtàn náà sí. Wọ́n á ní ìṣẹ́gun ńlá. Bẹ́ẹ̀ Gideon ṣì ní ẹjọ́ lọ́rùn! Ìdájọ́ yẹn ò dá a sílẹ̀, ó kàn ní kí wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ ni. Wọ́n tún un gbọ́ ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, ìlú kan náà, adájọ́ kan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Fred Turner dúró tì í. Awakọ̀ takisí kan wá jẹ́rìí pé nígbà tí òun gbé Gideon láàárọ̀ ọjọ́ náà, Gideon bẹ òun pé kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun rí i. Ọ̀rọ̀ yẹn burú létí, àbí kò burú? Turner dìde, ó bi í: ṣé ó ti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ rí? Awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ìgbà tó bá ti pe ọkọ̀ ló máa ń sọ ọ́. Kí nìdí? Awakọ̀ ní ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ Gideon àti ìyàwó rẹ̀ ni.

Ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ èèyàn sẹ́wọ̀n ṣe di ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Kò pẹ́ ju nǹkan bíi wákàtí kan lọ tí àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti gbọ́ ẹjọ́ náà kí wọ́n sì dá a fi ní kò jẹ̀bi.

Mi ò kóyán ìdájọ́ ńlá kéré o. Láìsí i, Turner ò ní sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wa la fẹ́ jẹ́ ẹni tó rojọ́ níwájú Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ. Mélòó nínú wa ló fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa wádìí ohun tí awakọ̀ takisí mọ̀?

Christopher Sapara Williams, ẹni àkọ́kọ́ tó di agbẹjọ́rò nínú àwọn ọmọ Nàìjíríà, ló sọ pé agbẹjọ́rò ń gbé ayé láti tọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ sọ́nà àti láti gbé ọ̀ràn orílẹ̀-èdè rẹ̀ ga. A ti mọ ọ̀rọ̀ yẹn sórí. Ó wà nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ìpolongo ìbò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe ń tọ́ ìlú sọ́nà láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lásán?

Ẹ wo Gani Fawehinmi, ẹni tó fi wá sílẹ̀ ní 2009. Àtìmọ́lé rẹ̀ àti ìwọ́de rẹ̀ la máa ń sọ. Àwọn ẹjọ́ tó gbà láìgba kọ́bọ̀ la máa ń sọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí a kì í sọ pé láti 1985 ló ti ń tẹ ìwé tó ń kó ìdájọ́ ilé ẹjọ́ jọ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ìdájọ́ kíkó jọ, kíkà, títò, títẹ̀, ọ̀sẹ̀ dé, ọ̀sẹ̀ lọ. Kò sí àtẹ́wọ́ nídìí irú iṣẹ́ yẹn, kò sí ìròyìn. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò tí kò fẹ́ rí i sójú rárá, ìwé rẹ̀ ló máa ṣí kó tó dìde níwájú adájọ́. Èmi mọ̀ pé ìyẹn náà tó ìwọ́de.

Apá kẹta: Iṣẹ́ pọ̀. Kí ni ká ṣe?

Ibí yìí ni mo fẹ́ jókòó sí pẹ́. Ohun tó ń dunni ló ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìwé kúrò nílẹ̀ kíákíá. Kò sí ẹni tó ń ka gbogbo ohun tí wọ́n ní ká kà tán. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òun ń kà á tán, ẹ bi í léèrè èyí tó kà lánàá. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí èèyàn mọ ohun tó ń wá nínú ẹjọ́ kó tó ṣí i: kí ló ṣẹlẹ̀, ìbéèrè wo ni wọ́n gbé síwájú adájọ́, kí ni adájọ́ sọ, kí nìdí tó fi sọ ọ́, kó sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Bírò yẹ́lò kì í ronú fún èèyàn. Ẹ sì lọ bá àwọn tó ti kọjá níbẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí màá fi òru mẹ́ta wá, ẹ̀gbọ́n kan lè là á yé mi níbi tí a ti ń dúró de ọkọ̀.

Ó tán. Ìyọnu tó ju ìwé lọ ni ti ẹjọ́ àwọn èèyàn gidi.

Ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ran ará ìlú lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ òfin mọ irú àwọn tó ń wá. Ìyá àgbàlagbà kan wá bá wa nígbà kan. Ó gbé ọ̀rá kan lé orí tábìlì, ó tú u, ó yọ ìwé kan tó ká sí mẹ́rin. Ojú ibi tó ti ká a ti ń ya. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ jẹ́jẹ́, ó ń nà án láti àárín lọ sí etí, títí gbogbo rẹ̀ fi tẹ́jú. Ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ẹ̀yin náà ò ní ní kí n padà wá lọ́la?" Mo ní, "Rárá, Màmá. Ẹ jókòó."

Ìwé ìlékúrò-nílé ni. Wọ́n dá ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ fèsì fún un. Kì í ṣe pé ó jókòó sílé o. Kété tó gbà á ló ti gbé e lọ fún agbẹjọ́rò kan, ìyẹn sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ní igun ìwé náà lápá òkè, ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ "kíákíá" sí i, ó sì fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìfèsì ti kọjá tipẹ́. Agbẹjọ́rò yẹn kì í ṣe olè, kì í ṣe òpè. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó láàánú, ẹni tí kì í lé èèyàn padà. Àìlè-léèyàn-padà yẹn gan-an ló fa wàhálà. Ẹjọ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ débi pé "kíákíá" ti di ọ̀rọ̀ tó ń kọ sára gbogbo fáìlì.

Mo bi yín: èwo ni ì bá sàn fún ìyá yẹn? Agbẹjọ́rò tó gba ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín, àbí ẹni tó sọ fún un lọ́jọ́ kìíní pé, "Màmá, apá mi ò ká a, ṣùgbọ́n ẹ lọ sí ibi báyìí, lónìí"?

Ẹnu ẹni la fi ń kọ mi ò jẹ. Wọn ò kọ́ wa bí a ṣe ń kọ̀. Wọ́n kọ́ wa láti máa nawọ́ sókè. Ta ló máa ṣe akọ̀wé? Èmi. Ta ló máa rojọ́ níbi ìdíje? Èmi. Ta ló máa gba fáìlì yìí? Èmi náà ni. A rò pé ìfarajìn nìyẹn. Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹni tí a gba fáìlì rẹ̀ ló san gbèsè ọwọ́ tí a nà sókè.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ní 1973, ìgbìmọ̀ ìjọba kan ní Amẹ́ríkà sọ pé agbẹjọ́rò tí ìjọba ń sanwó fún láti gbèjà àwọn aláìní kò gbọ́dọ̀ gba ju ẹjọ́ ọ̀ràn ńlá 150 lọ lọ́dún. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọjọ́ iṣẹ́ inú ọdún ò ju bíi 250 lọ. Ẹjọ́ kan ò ní tó ọjọ́ méjì! Ní 2023, ìwádìí mìíràn ní orílẹ̀-èdè kan náà wá sọ pé ẹjọ́ ìpànìyàn kan ṣoṣo gba wákàtí 248 kí èèyàn tó lè ní òun gbèjà ẹni náà bó ṣe yẹ. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Odidi àádọ́ta ọdún ló wà láàárín ìṣirò méjèèjì, Gideon ti gba ẹ̀tọ́ agbẹjọ́rò fún wọn kí ti àkọ́kọ́ tó jáde. Ẹ̀tọ́ wà, agbẹjọ́rò wà, àkókò ni kò sí. Ẹni tí agbẹjọ́rò rẹ̀ kò ráyè ka fáìlì rẹ̀, báwo ló ṣe sàn ju Gideon ti 1961 lọ?

Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ń fi àìsùn ṣe fáàrí. "Láti àná mi ò tíì fojú kan ibùsùn o!" A ó sì máa pa àtẹ́wọ́ fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ agbẹjọ́rò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 13,000 ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016, méjìdínlọ́gbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ni àmì ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn hàn lára wọn. Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa náà: ẹ má fi ẹni tí kì í sùn ṣe àpẹẹrẹ fún wa mọ́. Ẹni tí oorun ń kùn yóò ka ọjọ́ ìfèsì sí oṣù mìíràn.

Nígbà náà, kí ni ká ṣe? Ohun tí mo ń rí tó ń ṣiṣẹ́ ni mo máa sọ.

Èkíní, ẹni tó gbé erin rù kì í fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Kí ohun tó ní ọjọ́, tó sì kan ilé tàbí òmìnira èèyàn, ṣíwájú ohun tó kan orúkọ tiwa. Ìdíje lè dúró. Ìpàdé ẹgbẹ́ lè dúró, ó ti ń dúró tẹ́lẹ̀ náà, ẹ ṣáà mọ aago tí a máa ń bẹ̀rẹ̀.

Abraham Lincoln, kó tó di ààrẹ, agbẹjọ́rò ni. Ó kọ ìmọ̀ràn sílẹ̀ fún àwọn tó fẹ́ ṣiṣẹ́ òfin, ohun tó sì fi ṣáájú níbẹ̀ ni aápọn: ohun tí ọwọ́ bá lè kàn lónìí, kí wọ́n má fi sílẹ̀ dọ̀la. Bí lẹ́tà bá dé, kí wọ́n dáhùn. Ó tún ní kí wọ́n máa rọ àwọn aládùúgbò láti bára wọn sọ ọ́ dípò kí wọ́n máa pẹjọ́. Mo máa ń rẹ́rìn-ín sí ìyẹn, torí pé ẹni tó bá ń parí ìjà kí ó tó di ẹjọ́ ti dín iṣẹ́ ara rẹ̀ kù láìmọ̀.

Ìwé tó bá pẹ́ kì í ṣe òpin ayé. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà níbí tí ẹ̀kọ́ kan ti dá dúró, tí ojú ń tì. Nelson Mandela bẹ̀rẹ̀ ìwé òfin ní Yunifásítì Witwatersrand ní 1943, ó sì kúrò níbẹ̀ láìgba oyè. Ó di agbẹjọ́rò nípa ìdánwò mìíràn, òun àti Oliver Tambo sì ṣí ọ́fíìsì ní Johannesburg ní 1952, tí èèyàn fi ń kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibẹ̀ láràárọ̀. Oyè òfin tó fi sílẹ̀ yẹn, 1989 ló tó gbà á, láti Yunifásítì Gúúsù Áfíríkà, nígbà tó ṣì wà látìmọ́lé. Àwọn tó kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ ò béèrè ìwé oyè lọ́wọ́ rẹ̀.

Èyí tí mo kà sí pàtàkì jù ni kí a máa kọ iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn fi lè gbà á lọ́wọ́ wa. Charles Hamilton Houston ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó darí ilé ẹ̀kọ́ òfin ní Yunifásítì Howard ní Washington láti 1929 sí 1935. Ó le mọ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má bi mí bó ṣe le tó. Nínú àwọn tó kọ́ ni Thurgood Marshall, ọmọ Baltimore, tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin lọ tó ń wọ̀ ọ́ bọ̀ torí pé ilé ẹ̀kọ́ òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ kì í gba aláwọ̀ dúdú. Marshall jáde ní 1933. Ní ọdún méjì sí i, òun àti olùkọ́ rẹ̀ jọ gbé ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà lọ sí kóòtù lórúkọ ọ̀dọ́mọkùnrin mìíràn, wọ́n sì jàre.

Láti ibẹ̀ ni Houston ti ń to ẹjọ́ léra wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ó kọ̀ láti gba ẹjọ́ tó tètè dé tí ẹ̀rí rẹ̀ kò lágbára. Ó mọ ibi tó ń lọ. Kò dé ibẹ̀. Ó kú ní 1950, ọmọ ọdún 54. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1954 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá ẹjọ́ Brown, tó fòpin sí yíya àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ lábẹ́ òfin. Marshall ló ṣíwájú àwọn tó rò ó. Ní 1967, òun ló di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó sí ilé ẹjọ́ náà gẹ́gẹ́ bí adájọ́.

Báwo ni iṣẹ́ Houston ò ṣe bàjẹ́ nígbà tó kú? Torí pé kò fi í pamọ́ sínú orí ara rẹ̀. Ó ti kọ́ èèyàn, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ wá fi wé tiwa. Àkókò ìdánwò dé, gbogbo wa sá wọ ilé ìkàwé, a ti fáìlì àwọn èèyàn mọ́ inú àpótí. Tí mo bá ṣí fáìlì tí ẹnì kan fi sílẹ̀, orúkọ nìkan ni màá bá níbẹ̀, pẹ̀lú "mo ti bá wọn sọ̀rọ̀". Ta lo bá sọ̀rọ̀? Nígbà wo? Kí ni wọ́n sọ? Ọjọ́ wo ló kàn?

Ojú ewé kan péré ló gbà. Orúkọ, ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí a ti ṣe, ohun tó kù, ọjọ́ tó kàn. Kí ọjọ́ tó kàn wà lókè pátápátá. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣiṣẹ́ náà, ẹ má dúró de ọjọ́ tí ẹ máa lọ.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin àgbà fún sùúrù yín. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́nu ọ̀nà fún àwọn tó bá fẹ́ bá wa ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìrànwọ́. Fáìlì kan ni ẹnì kọ̀ọ̀kan máa gbà láti bẹ̀rẹ̀, a ò ní fún ẹnikẹ́ni ní èkejì títí tí àkọ́kọ́ á fi yanjú. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti di ipò méjì mú nínú ẹgbẹ́, mo bẹ yín, ẹ má kọ orúkọ. Ẹ kọ́kọ́ lọ gbé ọ̀kan sílẹ̀, ká tó ríra.

Ó yá, ta ló ní ìbéèrè?